Láti Tokyo dé Osaka: Tíkẹ́ẹ̀tì Bàálù Tàbí ti Shinkansen, Èwo Ni Kí Ẹ Rà?

Ẹni tó bá ń wá tíkẹ́ẹ̀tì láti Tokyo lọ sí Osaka máa kọ́kọ́ rí i pé bàálù ò lò ju wákàtí kan ó lé díẹ̀ lọ. Nozomi, tó yá jù nínú àwọn ọkọ̀ ojú irin Shinkansen, ń lo bíi wákàtí méjì àbọ̀. Ẹ má tíì torí ìyẹn sanwó bàálù.

Lójú òfurufú, nǹkan bíi 400 kìlómítà ló wà láàárín ìlú méjèèjì. Ojú irin gùn jù bẹ́ẹ̀, ó tó 515, torí ó ń gba Nagoya àti Kyoto kọjá. Ṣùgbọ́n bàálù kì í gbéra láàárín ìgboro. Ẹ ó kọ́kọ́ lọ sí Haneda, pápákọ̀ òfurufú kan ní Tokyo, wọ́n á yẹ ẹrù yín wò, ẹ ó jókòó títí wọ́n á fi pè yín. Tẹ́ ẹ bá sọ̀ ní Itami, pápákọ̀ òfurufú ti Osaka, ó ṣì ku bíi ìdajì wákàtí nínú bọ́ọ̀sì kẹ́ ẹ tó dé Umeda, ní ìgboro Osaka. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, wákàtí mẹ́ta ti lọ nìyẹn, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀. Àárín ìlú Tokyo gan-an ni Nozomi ti ń gbéra, ó sì ń já yín sí Shin-Osaka, níbi tí ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ti ń gbé èèyàn dé Namba, ní ìgboro Osaka bákan náà, ní bíi ìṣẹ́jú 15.

Ní ti owó, ìjókòó Nozomi lé ní 14,000 yẹ́ǹ, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ wálẹ̀. Peach àti Jetstar, àwọn ilé iṣẹ́ bàálù olówó pọ́ọ́kú, lè gbé yín ní ìdajì iye yẹn tẹ́ ẹ bá tètè rà á. Àmọ́ pápákọ̀ òfurufú Narita ni wọ́n ti sábà máa ń gbéra, bíi 60 kìlómítà sí àárín Tokyo, pápákọ̀ òfurufú Kansai tí wọ́n ń sọ̀ sí sì wà lórí erékùṣù àtọwọ́dá nínú òkun. Ẹ fi owó ọkọ̀ dé Narita, owó ọkọ̀ láti Kansai àti owó ẹrù kún un kẹ́ ẹ tó pè é ní ọ̀pọ̀.

Èmi ò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì: Nozomi ni. Ẹ gba ìjókòó E, lápá ọ̀tún. Bó bá ti tó bíi ìṣẹ́jú 45 tẹ́ ẹ ti kúrò ní Tokyo, tójú ọjọ́ bá mọ́, Òkè Fuji á yọ sí yín gbangba lójú fèrèsé. Tí gígùn, fífẹ̀ àti gíga àpótí yín bá lé ní 160 sẹ̀ǹtímítà lápapọ̀, ẹ gba ìjókòó tó ní àyè ẹrù ńlá ṣáájú.

Ẹni tó bá ti òkè òkun sọ̀ sí Haneda, tó sì fẹ́ kọjá sí Osaka lọ́jọ́ yẹn, lè wọ bàálù láìjáde sígboro. Ìyẹn mọ́gbọ́n wá. Tí owó bá ká yín lọ́wọ́ kò, bọ́ọ̀sì òru wà, ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án ni. Ẹ má sì tìtorí ìrìn àjò yìí nìkan ra Japan Rail Pass, ìyẹn tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin tí àwọn àlejò láti òkè òkun ń fi rìn fún iye ọjọ́ kan. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, wọ́n gbé ti ọjọ́ méje dé 50,000 yẹ́ǹ, àlọ àti àbọ̀ Nozomi ò sì tó 30,000.