QGIS fún wíwá omi abẹ́ ilẹ̀: ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí bóyá QGIS (ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya máàpù) lè fi ibi tẹ́ ẹ máa gbẹ́ bóòhóòlù hàn yín, tó bá jẹ́ odindi lókà gọ́fúmẹ́ǹtì lẹ fẹ́ yẹ̀ wò, ó dáa gan-an, àmọ́ tó bá jẹ́ plọ́ọ̀tì kan ṣoṣo lẹ rà s'Adó-Èkìtì, ẹ má wulẹ̀ fi dátà ṣòfò.

Ọ̀fẹ́ ni, látọdún 2002 ló ti wà, kò sí pé à ń wá crack kiri. Àwòrán Landsat (sátẹ́láìtì Amẹ́ríkà tó ń ya ilẹ̀ látòkè) náà di ọ̀fẹ́ ní 2008, ẹ kàn máa forúkọ sílẹ̀ lórí EarthExplorer, ìkànnì tẹ́ ẹ ti máa mú un, ni, ṣùgbọ́n odindi àwòrán kan lè tó gígá kan o, torí náà báńdì (irú ìmọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí sátẹ́láìtì yà lọ́tọ̀) tẹ́ ẹ bá nílò nìkan ni kẹ́ ẹ mú, kẹ́ ẹ sì mú ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ti ìgbà òjò, àwọsánmà ló máa bo gbogbo ẹ̀.

Ẹni tó bá ní sátẹ́láìtì ń rí omi nísàlẹ̀ ń tàn yín jẹ ni. Àmì ló ń rí. Àpáta líle ló wà lábẹ́ Èkìtì àti ọ̀pọ̀ Ọ̀yọ́, omi ò ríbi dúró nínú ẹ̀ àfi níbi tó bá ti sán tàbí tó ti jẹrà, ibi tó sán yẹn ló máa ń hàn bí ìlà gbọọrọ lójú àwòrán, odò náà sì máa ń tọ̀ ọ́, ẹ ó kàn rí i tó ṣẹ́ kọ́rọ́ lójijì. Ẹ ó wá to ìlà yẹn, bí ilẹ̀ ṣe dagẹ̀rẹ̀ (látinú SRTM, dátà gíga ilẹ̀ tí wọ́n fi rádà yà látòkè), irú òkúta àti òjò léra wọn, ẹ fún ìkọ̀ọ̀kan ní máàkì, QGIS á ro ó pọ̀. Ibi tí mo ti gbádùn ẹ̀ jù nìyẹn.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé èrò orí yín ni máàkì yẹn, kódà tẹ́ ẹ bá lo AHP, ìṣirò tí wọ́n fi ń wé nǹkan ní méjì méjì kí wọ́n tó pín máàkì. Ẹni méjì lè lo dátà kan náà kí máàpù wọn má jọra. Ọ̀nà mọ́tò àti wáyà NEPA náà máa ń ṣe bí ibi tí àpáta sán. Tí kọnsọ́tántì bá gbé máàpù aláwọ̀ mèremère wá, ẹ bi í pé bóòhóòlù tó ti wà nílẹ̀ wo ló fi yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ wojú ẹ̀ dáadáa bó ṣe ń dáhùn.

Ti plọ́ọ̀tì tí mo sọ ńkọ́? Ẹyọ pixel kan (àmì tóótòòtó tó para pọ̀ di àwòrán) lójú Landsat, mítà 30 sí 30 ni, ìyẹn mítà 900 níbùú lóòró, plọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 ò sì pé 700. Gbogbo ilẹ̀ yín ò fẹ̀ tó pixel kan ṣoṣo! Ẹ pe àwọn tó ń na wáyà VES (tí wọ́n ń fi iná mànàmáná yẹ abẹ́ ilẹ̀ wò), torí nínú àpáta, ẹ lè kan omi níbí, kẹ́ ẹ sún díẹ̀ kó gbẹ fúrúfúrú.

Ìràwọ̀ tí mo yọ, torí bó ṣe ń dì lórí láptọ́ọ̀pù tí RAM ẹ̀ kéré ni. LTR (ẹ̀dà tí wọ́n ń tọ́jú fún ìgbà pípẹ́) ni kẹ́ ẹ dáúnlóòdù, ẹ fi èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sílẹ̀.