Kí ẹ tó ra gọ́tà òrùlé: kọnkéré ni, rọ́bà ni, àbí alumíníọ́ọ̀mù?

Bí ẹ bá ń kọ́lé lọ́wọ́, tàbí ẹ fẹ́ ra èyí tí wọ́n ti kọ́ parí, ó dájú pé ẹ ti gbọ́ pé gọ́tà kọnkéré ló lálòpẹ́ jù, pé ti rọ́bà kò wọ́n, pé ti alumíníọ́ọ̀mù ló rẹwà jù. Mi ò ní tún ìyẹn sọ. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò rán mi létí nígbà tí mo ń ra ilé tèmi n'Ìbàdàn ni mo fẹ́ fi wọ́n wéra: bí ìdọ̀tí bá dí i, ta ló máa tú u, ibo ló sì máa gbà tú u?

Ilé tí mo rà ní parapet, ìyẹn ògiri kékeré tí wọ́n mọ yí òrùlé ká, tí ẹni tó wà nílẹ̀ kò fi ní rí páànù. Ẹ̀yìn ògiri yẹn ni gọ́tà kọnkéré wà. Igi fúrúùtù kan wà lágbàlá aládùúgbò wa. Tí ọyẹ́ bá dé, ewé rẹ̀ á pọ́n, á wọ́ sílẹ̀, èyí tó bá sì bọ́ sẹ́yìn parapet, ojú ẹnikẹ́ni kò tó o. Eruku á bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tí àkọ́rọ̀ òjò bá rọ̀, gbogbo rẹ̀ á di ẹrẹ̀, á sì wọ́ lọ sẹ́nu páìpù tó ń gbé omi gọ́tà sọ̀kalẹ̀.

Ọdún kejì tí a kó débẹ̀, òjò kan rọ̀ lóru, mo sì gbọ́ tí omi ń kán ní yàrá àwọn ọmọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, POP yàrá náà ti gbomi, apá kan ti já lulẹ̀. Káfíńtà tí mo kọ́kọ́ pè ní páànù ló ń jò, ó pààrọ̀ mẹ́rin. Òjò mìíràn rọ̀, omi tún wọlé. Páànù kò jẹ̀bi rárá. Gọ́tà ló kún dé ẹnu, omi kò rọ́nà lọ, ó sì gba abẹ́ etí páànù wọ àjà.

Pọ́lọ́mbà ló gòkè tó rí i. Ó kó ẹrẹ̀ garawa mẹ́ta, ó da omi sí i, omi dúró gbagidi. Inú òpó ilé ni wọ́n gbé páìpù náà gbà, ó sì tẹ̀ nísàlẹ̀ kó tó jáde. "Màmá," ó ní, "ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín. Irin mi ti dé ibi tó ti tẹ̀, kò lè yí kọjá. Àfi ká fọ́ ògiri." A fọ́ ọ. Èérún sìmẹ́ǹtì tí wọ́n jẹ́ kó já sínú páìpù nígbà tí wọ́n ń kọ́lé la bá níbẹ̀, ewé sì ti há sí i lára. POP, ògiri, táìlì, ọ̀dà: owó ilé-ìwé ọmọ méjì fún táàmù kan ló bá a lọ.

Ẹ má ṣe rò pé omi òrùlé kéré. Òjò mìlímítà 1 lórí mítà onígun mẹ́rin 1 jẹ́ omi lítà 1. Òrùlé tó fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 100, tí òjò mìlímítà 50 bá rọ̀ lé e, omi lítà 5,000 ló máa wá ọ̀nà àbájáde. Páìpù méjì péré ni ilé wa ní.

Nígbà tí a kọ́ ilé ẹ̀yìn, rọ́bà ni mo lò, páìpù rẹ̀ sì wà ní ìta gbangba lára ògiri. Ìtọ́jú rẹ̀ kò ju àkàbà, kẹ́ẹ̀gì tí a gé láti fi kó ẹrẹ̀, àti họ́ọ̀sì. Mo ní kí wọ́n má fi gọ́ọ̀mù lẹ páìpù tó kẹ́yìn nísàlẹ̀. Tí mo bá fura pé ó ti dí, màá fà á yọ, màá sì fọ̀ ọ́ nílẹ̀. Ó ní àléébù: oòrùn máa ń sọ ọ́ di gbígbẹ tó ń sán, ooru sì máa ń mú kó gùn sí i. Èyí tó gùn tó mítà 10 lè fi bíi sẹ̀ǹtímítà 2 gùn láàárín òwúrọ̀ tútù àti ọ̀sán gangan lábẹ́ oòrùn, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí wọ́n kàn án mọ́lẹ̀ pinpin níbi oríkèé. Kí irin tó gbé e dúró má jìnnà síra ju mítà 1 lọ. Ẹ má sì gbé àkàbà tì í.

Ti alumíníọ́ọ̀mù, àbúrò mi ní i l'Abẹ́òkúta. Kò ní oríkèé púpọ̀, kì í dípẹtà, ìfọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti rọ́bà. Àmọ́ bí àkàbà bá tẹ̀ ẹ́, ẹni tó ṣe é lẹ máa tún wá lọ.

Àwọ̀n tí wọ́n ń tà pé ẹ kò ní fọ gọ́tà mọ́, ẹ má náwó sí i yí gbogbo ilé ká. Ó ń dá ewé fúrúùtù dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n eruku àti ewé dóńgóyárò wẹẹrẹ ń gbà á kọjá, ẹ ó sì kọ́kọ́ tú àwọ̀n kí ẹ tó lè fọ̀ ọ́. Ẹnu páìpù nìkan ló tó kí ẹ fi sí.

Èyí tó wù kó jẹ́, ẹ fọ̀ ọ́ ní Fẹ́búárì kí àkọ́rọ̀ òjò tó dé, kí ẹ tún fọ̀ ọ́ nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró díẹ̀ ní Ọ́gọ́ọ̀sì. Omi tó bá dúró síbẹ̀ fún ọjọ́ méje sí mẹ́wàá, tanwíjí inú rẹ̀ á ti di ẹ̀fọn.

Mi ò ní kí ẹ má ra ilé tó ní parapet. Ó dáa fún ẹni tó ní ọ̀nà gidi sórí òrùlé, tí páìpù rẹ̀ wà ní ìta, tó fẹ̀ tó ínṣì 4, tí ìdérí tó ṣeé ṣí sì wà níbi tó ti tẹ̀. Alumíníọ́ọ̀mù dáa fún ẹni tí ẹni tó ṣe é fún un kò jìnnà sí. Bí ẹ ò bá ní méjèèjì, rọ́bà. Ní ti ilé tí wọ́n ti kọ́ parí, ẹ mú ẹnì kan dání lọ kó da garawa omi méjì sẹ́nu páìpù lókè, kí ẹ̀yin dúró nísàlẹ̀ níbi tó ti ń jáde. Ìṣẹ́jú mélòó kan ni. Ẹ má san kọ́bọ̀ kí omi yẹn tó jáde.