Kọ́ìnì àtijọ́ mẹ́ta, òrìṣà mẹ́rin: ohun tí ojú mi rí lẹ́yìn tí mo rà wọ́n

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni ọkùnrin póòsì kan ilẹ̀kùn wa ní London níbí, ó ní kí n fọwọ́ síwèé, ó sì gbé páálí kékeré kan lé mi lọ́wọ́. Kọ́ìnì mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: owó fàdákà Alexander ọba Makedóníà, owó idẹ Constantine ọba Róòmù àti owó bàbà Kanishka ọba àwọn Kushan. £120 ni ti Alexander, £38 ni ti Constantine, £27 ni ti Kanishka, owó póòsì sì jẹ́ £8. Mo ti wọ̀n wọ́n, mo ti fi awò wò wọ́n títí ojú fi ń ro mí, mo sì ti dá ọ̀kan padà. Kí n tó náwó, mo wá ẹni tó máa fi èdè wa ṣàlàyé irú ọjà yìí fún mi, n kò rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí.

Ẹ lè bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi owó tí kò ṣeé ná mọ́ ṣe. Nítorí àwọn òrìṣà tó wà lára wọn ni mo ṣe rà wọ́n. Láyé ìgbà náà tí kò sí rédíò, tí kò sí ìwé ìròyìn, owó ni ọba fi ń bá gbogbo ìlú sọ̀rọ̀. Òrìṣà tó bá fẹ́ kí ayé mọ̀ pé ó wà lẹ́yìn òun ni wọ́n máa tẹ̀ sára rẹ̀, owó náà á sì dé ọwọ́ alápatà, ọwọ́ ọmọ ogun, ọwọ́ ìyá tó ń ra ẹja. Ní Róòmù, ẹ̀gbẹ́ tẹ́ńpìlì òrìṣà obìnrin tí wọ́n ń pè ní Juno Moneta lórí òkè Capitol ni wọ́n ti ń ṣe owó. Inú orúkọ Moneta yẹn sì ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti mú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe owó dòní. Àwa náà kò ya owó kúrò lára òrìṣà. Owó ẹyọ tí àwọn baba wa ń sín ní ogójì ogójì sí okùn kan, òun kan náà ni wọ́n ń dà sílẹ̀ bèèrè ọ̀rọ̀ nínú ẹẹ́rìndínlógún.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti àṣìṣe mi. Lọ́dún tó kọjá, ẹnì kan ta owó òwìwí Athens fún mi lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin tí ẹ ti ná owó Gíríìsì rí á mọ òwìwí náà, nítorí pé òun ni wọ́n gbé sára yúrò kan tiwọn. Lójú ọ̀pọ̀ nínú wa, ẹyẹ òru tí èèyàn kì í fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ ni. Lọ́dọ̀ àwọn ará Athens, ẹyẹ Athena, òrìṣà ọgbọ́n, ni. Orí Athena pẹ̀lú akoto ogun wà lójú kan, òwìwí rẹ̀ wà lójú kejì pẹ̀lú ewé ólífì àti oṣù lé. Ojúlówó rẹ̀ máa ń wọ̀n tó gíráàmù 17. Tèmi wọ̀n 14. Nígbà tí mo yí etí rẹ̀ sí iná, mo rí ìlà tín-ínrín kan tó yí i po, bí ojú ibi tí wọ́n ti lẹ ike méjì pọ̀. Ṣe ni wọ́n yọ́ irin dà sínú àwòdà, nígbà tó jẹ́ pé òòlù ni wọ́n fi ń lu ojúlówó jáde. Ayédèrú ni, owó mi sì lọ. Síkéèlì kékeré tí àwọn oníwúrà ń lò ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, kí ẹ tó ra kọ́ìnì kankan.

Ti Alexander ni mo kọ́kọ́ ṣí nínú àwọn mẹ́ta yìí. Kò tóbi ju èékánná àtàńpàkò mi lọ, ó wọ̀n gíráàmù 4.2, bó ṣe yẹ kó wọ̀n gan-an nìyẹn. Ojú kìíní rẹ̀ jẹ́ orí ọkùnrin kan tó fi awọ kìnnìún bo orí bí fìlà. Ẹ fi awò wò ó: ẹnu kìnnìún náà là gbàgà lókè iwájú orí rẹ̀, ẹsẹ̀ iwájú ẹranko náà méjèèjì sì so pọ̀ sábẹ́ ọrùn rẹ̀ bí ẹni so gèlè sí àgbọ̀n. Heracles nìyẹn, akọni tó di òrìṣà lọ́dọ̀ àwọn Gíríìkì. Kìnnìún Nemea ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ méjìlá tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́. Irin kò ran awọ rẹ̀, nítorí náà ó fún un lọ́rùn pa, ó sì fi awọ náà ṣe aṣọ wọ̀. Ní ojú kejì, Zeus bàbá rẹ̀, olórí àwọn òrìṣà Gíríìkì, jókòó sórí ìtẹ́, idì bà lé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ọ̀pá àṣẹ wà ní òsì. Wọ́n kọ lẹ́tà Gíríìkì sí ẹ̀yìn rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ni "ti Alexander".

Bí àwọn ọba wa ṣe ń ka ìran wọn dé ọ̀dọ̀ Odùduwà, bẹ́ẹ̀ ni ìdílé ọba Makedóníà ń ka tiwọn dé ọ̀dọ̀ Heracles. Ẹni tó bá di owó yìí mú, ọmọ ló rí níwájú, bàbá ló rí lẹ́yìn, ọba sì fi orúkọ ara rẹ̀ há sáàárín wọn. Ó lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé lẹ́yìn tí Alexander kú ní ọdún 323 ṣáájú ìbí Krístì, àwọn ìlú kan ṣì ń ṣe irú owó yìí ní orúkọ rẹ̀ fún ohun tó lé ní igba ọdún.

Orí idì inú tèmi kò sí. Ẹni tó lu owó náà gbé òòlù ṣẹ̀gbẹ́ díẹ̀, orí ẹyẹ náà sì bọ́ sí ìta. N kò ka ìyẹn sí àbùkù. Mo máa ń fi èékánná tọ́ etí ibẹ̀, mo sì máa ń rántí pé ọwọ́ èèyàn ló ṣe é, lọ́jọ́ kan tó ṣeé ṣe kó ti rẹ̀ ẹ́. Ohun tí mo bínú sí ni fọ́tò tí wọ́n fi polówó rẹ̀. Nínú fọ́tò, ó ń kọ mànà. Nígbà tó dé, ó dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ máa ní kí wọ́n ya fọ́tò mìíràn fún yín lójú fèrèsé, láìtan iná.

Àmọ́ bí owó ọwọ́ yín kò bá ju £40 lọ, ẹ fi Alexander sílẹ̀, irú Constantine yìí ni kí ẹ rà. Tọkàntọkàn ni mo fi ń sọ ọ́. Owó idẹ pẹlẹbẹ ni, fàdákà fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi pa á lára ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ọba wà lójú kan pẹ̀lú ewé lórí. Ní ojú kejì, ọkùnrin kan dúró, aṣọ kan ṣoṣo gbá a ní èjìká, ìtànṣán yọ lórí rẹ̀ bí adé. Ó na ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó sì gbé ayé lé ọwọ́ òsì bí ẹni gbé ọsàn. SOLI INVICTO COMITI ni wọ́n kọ yí i ká ní èdè Látìn: fún Oòrùn tí ẹnikẹ́ni kò lè ṣẹ́gun, alábàárìn ọba. Lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ni lẹ́tà mẹ́ta wà, PLN. LN yẹn ni Londinium. London níbí ni wọ́n ti ṣe é, ní nǹkan bí 1,700 ọdún sẹ́yìn, kí wọ́n tó ti ilé owó náà pa ní ọdún 325. Peckham ni mo ń gbé. Bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló ń gbé mi dé ibi tí odi Londinium wà. Nígbà tí mo ka lẹ́tà mẹ́ta yẹn tán, ṣe ni mo dìde dúró.

Màmá mi tó wá láti Ìbàdàn bá wa tọ́jú ọmọ wà ní pálọ̀ nígbà náà. Ó yọjú wo ọwọ́ mi.

"Kí lo tún gbé wọlé yìí? Ṣé kì í ṣe òrìṣà ni mo ń wò un?"

"Owó ni, Màmá. Ẹ gbà á, ẹ wò ó."

Ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà. "Ó mà ń súre fún ni," ló wí, ó ń wo ọwọ́ tí ọkùnrin náà nà sókè. Lẹ́yìn náà ló dìde pé òun máa fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ̀ ọ́ fún mi, bí wọ́n ṣe ń fọ idẹ nílé wọn nígbà èwe. Mo sáré gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kò gbọdọ̀ fọ kọ́ìnì àtijọ́. Àwọ̀ tó hù sí i lára ló ń dáàbò bò ó, omi ọsàn á jẹ ìwọ̀nba fàdákà tó kù, iyì rẹ̀ á sì lọ.

Mo wá sọ fún Màmá pé Constantine tí wọ́n ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ni owó yẹn. Ní ọdún 313, òun àti Licinius, ọba Róòmù ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, gbà kí àwọn Kristẹni máa sin Ọlọ́run wọn láìsí ìyọlẹ́nu, síbẹ̀ Oòrùn kò kúrò lára owó rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìyẹn. Ní ọdún 321 tó pàṣẹ pé kí àwọn ará ìlú máa sinmi lọ́jọ́ Àìkú, "ọjọ́ Oòrùn tó lọ́wọ̀" ni òfin náà pè é. Màmá dákẹ́. Mo tún fi kún un pé owó orí tẹ́ńpìlì ní Jerúsálẹ́mù, owó fàdákà Tírè ni wọ́n fi ń san án, nítorí pé fàdákà rẹ̀ mọ́. Orí Melqart, òrìṣà àwọn ará Tírè, ló sì wà lára rẹ̀.

"Nínú ilé Olúwa?"

"Nínú ilé Olúwa, Màmá."

Wọ́n ní kí n gbé Constantine wá kí àwọn tún un wò.

Ó ku ti Kanishka, òun ni mo sì fẹ́ràn jù lọ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọba àwọn Kushan ni Kanishka, ní ọ̀rúndún kejì lẹ́yìn ìbí Krístì. Ilẹ̀ rẹ̀ gba Afghanistan àti Pakistan òde òní kọjá lọ sí àríwá Íńdíà. Àwọn òrìṣà Gíríìkì, ti Iran àti ti Íńdíà ló wà lára àwọn owó rẹ̀, kódà Buddha wà lára àwọn kan pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ ní lẹ́tà Gíríìkì: BODDO. Tèmi wúwo, ojú rẹ̀ ti họ. Ọba wọ ẹ̀wù gígùn àti bàtà ńlá, ó ń rúbọ lórí pẹpẹ kékeré. Ní ojú kejì, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan ń sáré tete, irun rẹ̀ dìde, ó di etí aṣọ rẹ̀ mú ní ọwọ́ méjèèjì, afẹ́fẹ́ sì ti kún inú aṣọ náà títí ó fi yí i ká bí ìgbín ṣe ń wà nínú ìkarahun. OADO ni orúkọ rẹ̀, òrìṣà afẹ́fẹ́. Ọmọ tó dàgbà sáàárín àwọn tó mọ Ọya kò ní nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé aṣọ yẹn fún un.

Ibí ni ọ̀rọ̀ oníṣòwò tó ta àwọn mẹ́ta yìí fún mi lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti dùn mí. Ìwé tó bá ti Constantine wá ní nọ́ńbà kan lórí. Inú ilẹ̀ England níbí ni wọ́n ti rí owó náà, wọ́n sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Portable Antiquities Scheme, ètò tí àwọn tó bá wú nǹkan àtijọ́ ní England àti Wales ń gbé e lọ hàn. Mo tẹ nọ́ńbà náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì rí fọ́tò owó mi gan-an, pẹ̀lú àpá kékeré tó wà létí rẹ̀. Ti Alexander ní rìsíìtì àtijọ́ ti ọdún 1987. Ti Kanishka kò ní nǹkan kan. Mo kọ̀wé béèrè. Èsì tí mo gbà ni "àkójọ àtijọ́ kan". Mo béèrè orúkọ, ọdún, ìwé èyíkéyìí. Wọn kò dá mi lóhùn mọ́ lórí ìyẹn. Bẹ́ẹ̀, láti ọdún 1975 ni òfin Pakistan ti kọ̀ kí wọ́n kó ohun àtijọ́ jáde láìgba ìwé àṣẹ, àwọn olè sì ti hú ọ̀pọ̀ ibi ìṣẹ̀ǹbáyé níbẹ̀ àti ní Afghanistan. Mo ti dúró níwájú orí idẹ Ifẹ̀ tó wà ní British Museum, mo mọ bó ṣe ń rí lára kí èèyàn máa wo ohun ìní ilé rẹ̀ nínú gíláàsì ẹlòmíràn. N kò lè fi irú rẹ̀ ṣe ọmọ ilé ẹlòmíràn. Òfin ibí fún ẹni tó rajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ 14 láti yí èrò padà, mo sì dá a padà ní ọjọ́ kẹsàn-án.

Owó mi padà wọlé láàárín ọjọ́ mẹ́rin láìsí ìjà, mo yìn wọ́n fún ìyẹn. Èmi ni mo san owó póòsì ìdápadà. Wọ́n tètè fi ọjà ránṣẹ́, ìwọ̀n tí wọ́n kọ bá ti síkéèlì mi mu. Ṣùgbọ́n àpò ike rírọ̀ tí wọ́n kó àwọn kọ́ìnì sí kò dára. Irú ike PVC yẹn máa ń yọ omi aláwọ̀ ewé sára irin tó bá pẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n dé ni mo ti kó wọn sínú páálí kékeré.

Bí ẹ bá wà ní London, kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ lọ sí yàrá 68 ní British Museum. Ìtàn owó ló wà níbẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ wo ojúlówó títí yóò fi mọ́ yín lójú. Màámi ti bá mi lọ lọ́jọ́ Sátidé. Nígbà tí à ń bọ̀ nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n béèrè pé owó tí wọ́n gbé wá fún Jésù, tí ó fi bi wọ́n pé àwòrán ta ni, ṣé wọ́n ń ta irú ìyẹn náà. Mo ní ọ̀pọ̀ ló gbà pé owó fàdákà Tiberius ọba Róòmù ni, wọ́n sì kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ọmọ Augustus tó ti di òrìṣà ni ọba náà. Mo ní ó wọ́n ju ti Alexander lọ. Wọ́n tú etí ìró wọn, wọ́n yọ £20 jáde, wọ́n ní kí n fi bẹ̀rẹ̀.