Wax Inú Agolo àbí Sealant Inú Ìgò: Èwo Ló Yẹ Ọkọ̀ Tó Ń Sùn Níta?

Ẹni tó bá fẹ́ ra wax sí ọkọ̀ rẹ̀, bó ṣe ń dán tó ló máa ń kọ́kọ́ béèrè. Àwọn òǹtajà náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi sí agolo kan tí kò ṣèlérí dídán. Mi ò ní fi dídán gba àkókò yín, torí gbogbo wọn ló ń dán lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi wọ́n sí i. Ohun tó ṣẹ́ kù lára ọkọ̀ lẹ́yìn tí oòrùn, òjò àti ọṣẹ bá ti bá a fínra ni kí ẹ máa wò.

Mẹ́ta ló wọ́pọ̀ lórí àtẹ. Àkọ́kọ́ ni wax líle inú agolo pẹrẹsẹ, tí carnauba jẹ́ gbòógì inú rẹ̀. Carnauba yìí jẹ́ ìda tí wọ́n ń rí lára ewé irú ọ̀pẹ kan tó ń hù ní àríwá ìlà-oòrùn Brazil, ní ìpínlẹ̀ bíi Ceará àti Piauí. Èkejì ni sealant, èyí tó ń ṣàn nínú ìgò, tí kì í ṣe ara igi ni wọ́n ti mú un, àwọn ilé iṣẹ́ ló po kẹ́míkà rẹ̀ pọ̀. Ẹ̀kẹta ni èyí tí wọ́n ń fọ́n sí i bí ẹni ń fọ́n lọ́fínńdà. Ẹ̀kẹrin kan wà tí kò yẹ kó bá wọn jókòó, àmọ́ tó jẹ́ pé òun lẹ máa bá ní ọ̀pọ̀ ibi ìfọkọ̀. Òun ni mo fẹ́ kọ́kọ́ yanjú, torí òun ló gba owó lọ́wọ́ mi.

Ṣé ó ń fá ọ̀dà?

Ọ̀dà ara ọkọ̀ òde òní kì í ṣe ìpele kan ṣoṣo. Èyí tó ní àwọ̀ wà lábẹ́, èyí tí kò ní àwọ̀ wà lórí rẹ̀. Ti òkè yìí ni àwọn tó ń kun ọkọ̀ ń pè ní clear. Òun ló ń dán tí ojú wa ń rí, òun náà ló sì ń gba oòrùn sára kí àwọ̀ tó wà lábẹ́ má bàa ṣá. Àmọ́ kò nípọn. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ti ilé iṣẹ́ wá, kò ju 35 sí 50 micron lọ (ẹgbẹ̀rún micron ló wà nínú mìlímítà kan), bẹ́ẹ̀ ẹyọ irun orí èèyàn sábà máa ń tó 70. Ohunkóhun tó bá ń fá ọkọ̀ yín, inú ìwọ̀nba yẹn ló ti ń mú un, èyí tó bá sì mú kì í padà mọ́.

Compound ni orúkọ ohun tí mò ń sọ. Ó ní iyẹ̀fun líle kíkúnná nínú, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni pé kó fá orí clear títí ojú ibi tó ti họ yóò fi tẹ́jú. Bí ẹni tó mọṣẹ́ bá lò ó lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún bíi mélòó kan, kò sí wàhálà. Ìjàǹbá ibẹ̀ ni kí wọ́n máa pè é ní wax, kí wọ́n sì máa fi pa ọkọ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá wá wẹ̀.

Ibi ìfọkọ̀ kan wà tí mò ń lọ nígbà kan. Ọmọkùnrin tó ń fọ ọkọ̀ níbẹ̀ á ní, “Ọ̀gá mi, ẹ jẹ́ ká fi wax sí i fún yín, ọ̀fẹ́ ni.” Wọ́n á da ohun funfun kan sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì Corolla dúdú mi, wọ́n á gbé ẹ̀rọ tó ń yí kíkankíkan lé e. Ọkọ̀ á dán gan-an kí n tó délé. Nígbà tó ṣe, orí ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, ó di funfun ráúráú, lẹ́yìn náà ló wá ń bó. Etí bọ́nẹ́ẹ̀tì àti ìlà tó yọ sókè lára rẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ, torí irú ibẹ̀ yẹn ni ọ̀dà máa ń fẹ́lẹ́ sí jù, ibẹ̀ náà sì ni ẹ̀rọ máa ń tẹ̀ jù. Nígbà tí mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń kun ọkọ̀, ó fi ọwọ́ pa á, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti fá clear yìí tán.” Clear tó bá ti ń bó, kò sí wax tó lè wò ó sàn, kíkùn ló kù. Bọ́nẹ́ẹ̀tì àti orí ọkọ̀ la kùn, owó tí mo san sì pọ̀ tó láti ra sealant tí mi ò ní lò tán títí ọkọ̀ náà yóò fi kúrò lọ́wọ́ mi.

Nítorí náà, ẹ ka ara ìgò kí ẹ tó sanwó. Bí ẹ bá rí compound, cleaner wax tàbí cut níbẹ̀, ó ń fá nìyẹn. Bí ẹ bá rí polish, ó ṣeé ṣe kó máa fá. Kí orúkọ ilé iṣẹ́ tó lókìkí má tàn yín jẹ, torí ilé iṣẹ́ kan náà lè máa ṣe èyí tó ń fá àti èyí tí kì í fá, kí ìgò méjèèjì sì jọra bí ìbejì. Kò tó kí ẹ fi ìka pa á wò, iyẹ̀fun òde òní kúnná débi pé ìka ò lè mọ̀ ọ́n. Ẹ wá CD àtijọ́ kan. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ nìkan nu apá kan ojú rẹ̀ tó ń dán, kó lè dá yín lójú pé aṣọ náà kì í họ ọ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi aṣọ yẹn kan náà pa wax díẹ̀ sí apá kejì, kí ẹ nù ún kúrò. Bí apá kejì bá ṣú, ẹ dá ìgò náà padà fún ẹni tó fẹ́ tà á.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe níbi ìfọkọ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi ìgò hàn yín. Bí wọ́n bá ti dà á sínú ike tí kò ní orúkọ, ẹ ní kí wọ́n fọ ọkọ̀ nìkan.

Oòrùn àti ọṣẹ

Agolo àti ìgò tí kì í fá la wá ń fi wéra báyìí. Wọ́n á sọ fún yín pé carnauba kì í tètè yọ́ nínú oòrùn, òótọ́ sì ni nípa carnauba ògidì, tí kì í yọ́ títí ooru yóò fi tó nǹkan bí 82 sí 86°C. Àmọ́ carnauba ògidì le koko, kò ṣeé pa lára ohunkóhun. Wọ́n ní láti fi òróró àti kẹ́míkà rọ̀ ọ́ kó tó lè wọ inú agolo. Nítorí náà, bí ẹ bá rí “100% carnauba” lára agolo, irú ìda tó wà nínú rẹ̀ ló ń sọ, kì í ṣe pé ìda nìkan ló kún inú rẹ̀. Bọ́nẹ́ẹ̀tì dúdú tó wà nínú oòrùn ọ̀sán sì lè gbóná kọjá 70°C, bẹ́ẹ̀ ìda tí wọ́n ti rọ̀ yìí kò le tó ògidì mọ́.

Èyí inú agolo sábà máa ń lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ. Ìgò sealant tó dáa máa ń lo oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà. Ọkọ̀ tó ń sùn níta lọ́dọ̀ wa kò ní rí gbogbo rẹ̀ lò, àmọ́ àlàfo tó wà láàárín méjèèjì kì í yí padà. Ohun tó ń pa àwọn méjèèjì ni ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun tí wọ́n fi ń fọ ọkọ̀ káàkiri, ti agolo ló sì máa ń kọ́kọ́ kú. Ẹ ra ọṣẹ ìfọkọ̀ tiyín, kí ẹ máa gbé e dání lọ. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá wax ṣì wà lára ọkọ̀, ẹ da omi sí i: tó bá dì róbótó bí omi orí ewé kókò, ó ṣì wà, tó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ti lọ.

Ẹni tó ń gbé ọkọ̀ sábẹ́ igi nínú ọgbà OAU ní Ifẹ̀ mọ ohun tí ìgbẹ́ àdán ń ṣe fún ọ̀dà. Kò sí wax tó lè ní kó má jẹ ẹ́. Ohun tí wax ń ṣe ni pé kò ní jẹ́ kó tètè wọlé, kí ẹ lè rí àyè fi omi fọ̀ ọ́ kúrò.

Fífi sí i

Ọ̀nà kan náà ni. Ẹ fọ ọkọ̀, ẹ nù ún gbẹ, ẹ wá ibòòji, ní àárọ̀ kí ara ọkọ̀ tó gbóná. Ẹ ti ọwọ́ bọ ọ̀rá pure water tó mọ́, kí ẹ fi pa ara ọkọ̀: gbogbo ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn ni ọwọ́ yín máa mọ̀. Bó bá rí gbágungbàgun, amọ̀ ìfọkọ̀ (clay bar) ló máa yọ ọ́, kì í ṣe wax. Ẹ fi í sí i fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bọ́nẹ́ẹ̀tì lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan. Tó bá ti di funfun bíńtín, tí ìka yín sì gbá a lọ mọ́nímọ́ní, ẹ nù ún. Bí oòrùn bá gbẹ ti agolo mọ́ ọn lára, apá yín á sọ fún yín.

Ibi kan wà tí agolo ti sàn jù: bí ẹ bá ti nù ún tán, ó ti parí. Ọ̀pọ̀ sealant kì í fẹ́ kí omi kàn án fún wákàtí 12 sí 24. Lásìkò òjò, ẹ máa ṣọ́ ojú ọ̀run.

Àwọn tó kù

Rọ́bà dúdú ara bọ́ńpà: wax máa ń fi àbàwọ́n funfun sí i, ti agolo ló burú jù.

Èyí tí wọ́n ń fọ́n: ó dáa láàárín ìfọkọ̀ kan sí òmíràn, kò tó láti dá dúró.

Ceramic, ìyẹn ohun olómi tí wọ́n ń pa sára ọ̀dà tó sì ń gbẹ di líle: 9H tí wọ́n ń pariwo jẹ́ ìwọ̀n líle tí wọ́n ń fi pẹ́ńsùlù ṣe, kò ní kí òkúta ojú títì má họ ọkọ̀ yín.

Ọkọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn: ẹ jẹ́ kó tó 30 ọjọ́ kí ẹ tó fi wax sí i, 60 tún sàn jù.

Tòkunbọ̀ tí wọ́n tún kùn láìsí clear: bí aṣọ yín bá mú àwọ̀ ọkọ̀ nígbà tí ẹ ń pa á, ó ṣeé ṣe kí ohun ọwọ́ yín máa fá.

Èwo ni kí ẹ rà?

Bí ẹ bá ní gáréèjì, tí ọkọ̀ yín dúdú tàbí pupa, tí ẹ sì fẹ́ràn kí ẹ máa fi ọwọ́ ara yín ṣe é lóṣooṣù, ẹ ra agolo. Ìjìnlẹ̀ tó máa ń fún ọ̀dà dúdú, mi ò tíì rí i lára sealant kankan. Bí ọkọ̀ yín bá ń sùn níta, tí òun náà sì ń dúró nínú oòrùn níbi iṣẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́, sealant ni. Òun ló wà lára Corolla náà báyìí, òun ni mo sì máa ń fi sí i ní oṣù kọkànlá, kí ọyẹ́ tó dé.

Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, ẹ ra tówẹ́ẹ̀lì microfibre mẹ́ta mọ́ ọn: ọ̀kan fún fífi sí i, ọ̀kan fún nínù, ọ̀kan fún ìnùkẹyìn. Èyí tó bá já sílẹ̀, ẹ má fi kan ọkọ̀ mọ́ títí ẹ ó fi fọ̀ ọ́.