Ọmọ erè tí mo rà ní Àjàṣẹ́, àti ìbọ̀wọ́ tí wọ́n fi rẹ́ mi jẹ

Ìgbà mọ́kànlá ni ọmọ ejò yìí ṣán mi láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́. Mo ń kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà tó wà ní ilé ìdáná. Bí mo bá ti mú bírò báyìí, ẹ̀rín ni ìyá ọmọ mi ń fi mí rín.

Irú èyí tí àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè ní python royal ni. Kì í gùn bíi ti erè ńlá inú igbó. Bí ẹ̀rù bá bà á, yóò ká ara rẹ̀ róbótó bíi bọ́ọ̀lù, yóò sì ki orí bọ àárín. Tèmi ò gùn ju ìgbọ̀nwọ́ mi sí ọwọ́ lọ nígbà tó dé. Wọ́n tà á pọ̀ mọ́ àpótí oníke, ẹní kékeré oníná tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ àpótí náà, ìbọ̀wọ́ aláwọ kan àti irin tí wọ́n tẹ̀ lórí bí ìwọ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 42,000 fáráǹkì sẹ́fà. Onízémìjàn, ọlọ́kadà tiwa, ló gbé e wá bá mi ní Ouando, àdúgbò kan ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), nínú àpò aṣọ tí wọ́n so lẹ́nu. Èyí dára o, nítorí ejò ń rí afẹ́fẹ́ mí nínú àpò aṣọ, òkùnkùn rẹ̀ sì ń mú ara rẹ̀ balẹ̀.

Ẹni tó tà á fún mi, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, sọ pé: "Ó ti mọ ọwọ́, ẹ̀gbọ́n. Ọmọdé lè fi ṣeré." Irọ́ gbuu. Púpọ̀ nínú ọmọ erè tí wọ́n ń kó láti Benin lọ sí Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, inú ẹyin tí wọ́n wú nínú igbó, tàbí èyí tí abo tí wọ́n mú wá láti igbó yé, ni wọ́n ti jáde. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin, ọwọ́ ta ló fẹ́ mọ̀? Ohun gbogbo ló lè gbé e mì, eyín nìkan ló sì ní.

Lọ́jọ́ tó dé, bàbá wa àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ìwọ ọmọ yìí, o ò rí ajá rà ni?"
"Ẹ má bínú, Bàbá. Kò ní oró."
"Mo bi ọ́ léèrè oró ni?"
Aládùúgbò wa kan tó jẹ́ ọmọ Ìgeléfe (Ouidah) ní tirẹ̀ kúnlẹ̀, ó sì kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ibi tí wọ́n ti kọ́ ilé fún erè, tí wọ́n sì ń bọ ọ́, nìyẹn.

Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ ni pé mo wọ ìbọ̀wọ́ lọ́jọ́ kejì, mo sì na ọwọ́ sí i láti òkè. Láti òkè kẹ̀, bí àwòdì! Ó ṣán ìbọ̀wọ́ náà, eyín rẹ̀ há sínú awọ, mo fa ọwọ́, òun náà fa orí. Ìbọ̀wọ́ yẹn nípọn débi pé mi ò mọ bóyá mo fún un mọ́ra jù. Ẹ má fowó yín ra á. Ìyá mi ló ń fi í sọ ìkòkò kalẹ̀ báyìí.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ti ń sin irú ejò yìí tipẹ́ ló ní kí n fi í sílẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan gbáko, kí n má fọwọ́ kàn án títí yóò fi jẹun lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn ìyẹn ni irin oníwọ̀ wá wúlò. Mo kọ́kọ́ ń fi í ra ara rẹ̀ pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ kó lè mọ̀ pé oúnjẹ kọ́ ló dé. Nígbà náà ni ọwọ́ mi óò gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, tí mo máa gbé e láti abẹ́ ikùn, láìsúnmọ́ orí.

Ẹ wò ó bó ṣe rí lálẹ́ ọjọ́ kan. Ọrùn rẹ̀ ká kọ́rọ́kọ́rọ́ bíi lẹ́tà S, ó ń mí fín-ín-ín. Mo dúró. Ó ṣán mi lọ́rùn ọwọ́, ó já a sílẹ̀ kí n tó ṣẹ́jú. Ẹ̀jẹ̀ yọ ní tóótòòtó, bí ìgbà tí ẹ̀gún fà mí ya. Mi ò dá a padà sínú àpótí. Bí o bá ń dá a padà gbàrà tó bá ti ṣán ọ, o ti kọ́ ọ pé ṣíṣán ló ń lé ọ lọ. Mo gbé e dání, mo jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ahọ́n, wuyẹwuyẹ. Ahọ́n yẹn ni mò ń dúró dè. Ejò tí ẹ̀rù ń bà kì í ráyè fi ahọ́n wá òórùn kiri. Mo rọra dá a padà, mo fi omi àti ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀.

Mẹ́ta nínú mọ́kànlá yẹn, ẹ̀bi mi ni. Mo ti di eku mú, mi ò sì fọ ọwọ́ mi. Àwọn ihò wẹ́wẹ́ wà létè rẹ̀ tó fi ń mọ ooru. Ọwọ́ tó gbóná, tó tún ń rùn bí eku, kí ni kó pè é? Bó bá sì ti jẹun, ẹ fi í sílẹ̀ ọjọ́ méjì, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ yóò bi oúnjẹ náà jáde. Bí ojú rẹ̀ bá funfun bíi pé èéfín bò ó, ó fẹ́ bọ́ awọ nìyẹn, kò ríran dáadáa, inú ń bí i.

Ẹní oníná yẹn ló bí mi nínú jù lọ. Kò sí ohun tó ń dá a dúró bó bá gbóná jù. Mo fi ẹ̀rọ tí ń wọn ooru sí i, 41°C ni mo bá! Ìdí nìyí tí ọmọ ọlọ́mọ fi ń gbé orí kiri lóru, tó ń ṣán ohunkóhun. Ní Kùtọnu ni mo ti ra èyí tí ń pa iná fúnra rẹ̀. Ní báyìí apá gbígbóná wà ní 32, apá tútù 26, ibi ìsápamọ́ wà ní apá méjèèjì. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ṣíṣán dínkù.

Oṣù kejì kò tíì pé tí mo fi dẹ́kun kíkọ sára kàlẹ́ńdà. Ó ń ká ara mọ́ ọrùn ọwọ́ mi tí mo bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Mi ò ní sọ pé ó fẹ́ràn mi o. Ó kàn ti mọ̀ pé mi ò ní jẹ ẹ́ ni. Bí ọkọ̀ ńlá bá kọjá tí ilẹ̀ mì, orí á tún wọlé.

Ṣé màá tún rà á? Ejò náà, bẹ́ẹ̀ ni, pẹ̀lú irin. Ẹní àti ìbọ̀wọ́, kí wọ́n máa gbé e lọ. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fún un lóúnjẹ níṣojú yín kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì yẹ abẹ́ ìpẹ́ rẹ̀ wò nítorí eégbọn.

Bàbá kò tíì wọ yàrá náà títí dòní. Ẹnu ọ̀nà ló ń dúró sí láràárọ̀, kó tó dá mi lóhùn ìkíni: "Ṣé ó ti jẹun?"