Àgúnmu ejìnrìn tí mo lò fún àtọ̀gbẹ: 52 ni ẹ̀rọ kà lóru

Aago mẹ́ta òru ni òógùn jí mi. Aṣọ ti lẹ̀ mọ́ mi lára, ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé ẹ̀ẹ̀mejì ni bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fẹ̀jẹ̀ kàn bọ́ sílẹ̀ kí n tó rí i tì sẹ́nu ẹ̀rọ. 52 ló kà. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ mọ̀ pé tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kò bá ti tó 70, kì í ṣe ohun à ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Mo po ṣúgà ṣíbí kékeré mẹ́rin sómi, mo gbé e mu, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ń ṣọ́ aago fún ìṣẹ́jú 15. Ó di 81. Ẹkún bọ́ lójú mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti ń lo àgúnmu náà, pẹ̀lú glibenclamide, oògùn àtọ̀gbẹ tí dókítà kọ fún mi. Kí n sọ òótọ́, àgúnmu yẹn kúnná, kò ní iyanrìn, ìkorò rẹ̀ sì jẹ́ ti ejìnrìn gidi. Ṣúgà òwúrọ̀ mi tó máa ń lé ní 170 ti ń sún mọ́ 120, inú mi sì ń dùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó tà á fún mi kò bi mí léèrè oògùn tí mò ń lò. Ejìnrìn ń fa ṣúgà wálẹ̀, glibenclamide náà ń fà á wálẹ̀, mi ò sì mọ̀ pé àwọn méjèèjì lè jọ fà á.

Ilẹ̀ mọ́, mo pe ẹni tó tà á fún mi. Ó ní, “Mọ́mì, ẹ yọ̀, ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn! Ẹ da ti òyìnbó nù.” Mo ní ká ní mi ò jí ńkọ́? Ó pa fóònù mọ́ mi létí. Títí di ọ̀sán ni àyà mi ń já.

Nírọ̀lẹ́, obìnrin tó ń gún oògùn náà pè mí. Kò wá àwáwí kankan. Ó ní, “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, àṣìṣe wa ni.” Ó ní kí n ka orúkọ oògùn mi fún un lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó ń kọ ọ́, ó sì tún un kà sí mi létí. Ó ní kí n dá àgúnmu dúró, kí n má fúnra mi dín ti dókítà kù, kí n sì gbé ike náà lọ hàn án. Ó fi orúkọ gbogbo ewé inú rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.

Dókítà kò bú mi. Ó ní metformin pàápàá, oògùn àtọ̀gbẹ mìíràn, ìwádìí lórí ewé kan tó ń jẹ́ Galega ló bí i. Àmọ́ a mọ iye tó wà nínú hóró kan, a ò mọ iye tó wà nínú ṣíbí àgúnmu kan. Ó dín glibenclamide mi kù, ó ní kí n má tún fẹnu kan àgúnmu.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin náà fi àwòrán ìwé tuntun tí wọ́n lẹ̀ mára ike hàn mí. Ó ti kọ ọ́ gàdàgbà pé ẹni tó bá ń lo oògùn ṣúgà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí dókítà.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Obìnrin yẹn ló ni mẹ́ta níbẹ̀.