Oògùn Ewé fún Ooru Ara àti Ìsoríkọ́: Èwo Ló Yẹ Kí Ẹ Rà?

Ẹ̀yin ìyá mi àti ẹ̀yin àǹtí tí ẹ ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún, tí nǹkan oṣù yín ti fẹ́ dáwọ́ dúró, bí ẹ bá wọ ilé oògùn kan ní Lágéré n'Ífẹ̀, tí ẹ ní ooru ń bò yín lóru, inú yín kì í sì í dùn mọ́, wọ́n lè to oríṣiríṣi ike sórí kántà fún yín. Bí ẹ bá dé Ọjà Àtàkúmọ̀sà n'Iléṣà, ẹlẹ́wẹ ọmọ náà á di tirẹ̀ sínú ọ̀rá. Oògùn ewé ni gbogbo wọn ń jẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn ò jọra. Kí ẹ tó béèrè iye tí wọ́n ń tà á, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín: kí ló ń yọ mí lẹ́nu jù, ooru ni àbí ọkàn tó rẹ̀wẹ̀sì? Oògùn wo ni mo sì ń lò lọ́wọ́?

Fún ọkàn tó rẹ̀wẹ̀sì, St John's wort, ewé òyìnbó kan, ni wọ́n ti ṣèwádìí lé lórí jù. Hypericum perforatum ni ẹ máa rí lẹ́yìn páálí. Bí ìsoríkọ́ náà kò bá tíì le, ẹ̀rí wà pé ó ń ṣiṣẹ́. Ìwọ̀n tí wọ́n sábà ń lò ni 300 mg lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí èèyàn tó mọ̀ ọ́n lára. Ike tí kò bá kọ ìwọ̀n sára, ẹ dá a padà fún wọn.

Wàhálà rẹ̀ ni pé ó ń mú kí ẹ̀dọ̀ tètè lé oògùn mìíràn kúrò nínú ara. Coartem tí a ń lò sí ibà, ìkìlọ̀ rẹ̀ ni pé kí a má lò ó pọ̀ mọ́ St John's wort, torí ibà náà lè má lọ. Nifedipine fún ẹ̀jẹ̀ ríru, warfarin tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, oògùn ìfètòsọ́mọbíbí, dolutegravir tí àwọn tó ní kòkòrò HIV ń lò, gbogbo wọn ló lè dín agbára wọn kù. Ẹni tó bá sì ti ń lo oògùn ìsoríkọ́ láti ọsibítù, kó má fọwọ́ kàn án: serotonin, kẹ́míkà inú ọpọlọ tó ń ṣàkóso bí inú wa ṣe ń rí, lè pọ̀ lápọ̀jù nínú ara, kí ara máa gbọ̀n, kí àyà máa lù kìkì, kó sì di ọ̀rọ̀ pàjáwìrì.

Lọ́dọ̀ lẹ́kulẹ́ja, asofẹ́yẹjẹ ni wọ́n sábà ń mú jáde fún ọ̀rọ̀ orí àti ọkàn. Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fetí sílẹ̀ jù. Àwọn baba wa kò ṣì í: reserpine wà nínú egbò rẹ̀, ó ń mú kí wèrè tó ń jà rọlẹ̀, ó sì ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀. Ṣùgbọ́n wèrè tó ń jà àti ìsoríkọ́ kì í ṣe àìsàn kan náà. Ńṣe ni reserpine ń gbọ́n serotonin tó wà nípamọ́ nínú ọpọlọ dànù, ìkìlọ̀ pé ó lè fa ìsoríkọ́ sì ti wà lára oògùn òyìnbó tí wọ́n fi ṣe. Obìnrin tí kò lè dìde lórí ibùsùn láàárọ̀, tí ẹ tún wá se asofẹ́yẹjẹ fún, ẹ lè máa tì í wọlé sí i ni. Bó bá tún ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ìfúnpá rẹ̀ lè já wálẹ̀ kó sì dákú. Kò sì sẹ́ni tó lè sọ ìwọ̀n rẹ̀, torí ife tí ẹ bù lókè ìkòkò àti èyí tí ẹ bù nísàlẹ̀ kì í le bákan náà. Èyí tí wọ́n rẹ sínú ògógóró burú jù, nítorí ọtí fúnra rẹ̀ ń fa ooru, ó sì ń ba oorun jẹ́.

Tó bá jẹ́ ooru nìkan, black cohosh ni wọ́n máa kọ́kọ́ nà sí yín. Gbòǹgbò ewéko kan láti Amẹ́ríkà ni. Àtúnyẹ̀wò ọdún 2012 láti ọwọ́ Cochrane, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ tó ń ṣàgbéyẹ̀wò ìwádìí ìṣègùn, kó ìwádìí 16 jọ, kò sì rí ẹ̀rí tó tó pé ó ń dín ooru kù. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn díẹ̀ pé ẹ̀dọ̀ wọn bàjẹ́ nígbà tí wọ́n ń lò ó. Bí funfun ojú bá pọ́n bí ata ilẹ̀ pupa, tí ìtọ̀ sì dúdú, ẹ jáwọ́ kíá. Owó yẹn, èmi ò ní ná an.

Ẹ̀wà sóyà ni màá kọ́kọ́ rà. Isoflavone, èròjà kan nínú rẹ̀, ń ṣe bí estrogen, èròjà ara obìnrin tó máa ń dín kù lásìkò yìí, díẹ̀díẹ̀, ó sì ń dín ooru kù níwọ̀nba, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́. Ẹ fún un ní oṣù mẹ́ta. Ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ bó èèpo rẹ̀, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ sì sè é dáadáa, torí sóyà tútù ń da inú rú. Ẹni tó ti ní jẹjẹrẹ ọmú rí kò gbọdọ̀ ra isoflavone tí wọ́n ṣe ní hóró oògùn láìbi dókítà. Red clover náà, ewé òyìnbó mìíràn, isoflavone ni wọ́n ń tà fún yín nínú rẹ̀, ó kàn wọ́n jù ni. Evening primrose, òróró tí wọ́n ń fún láti inú èso òdòdó kan, ẹ fi sílẹ̀.

Nọ́ńbà NAFDAC lára ike kò sọ pé oògùn náà ń wo ohun tí wọ́n kọ. Lára ọ̀pọ̀ oògùn ewé, lẹ́tà kéékèèké kan wà tó sọ pé àjọ náà kò tíì yẹ ìlérí yẹn wò. Ẹ kà á.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá tún yọ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dáwọ́ dúró fún oṣù 12, tàbí tí ikú bá ń wu èèyàn, kò sí èyí tó yẹ ní rírà nínú gbogbo wọn. Ẹ gba ọsibítù OAUTHC lọ n'Ífẹ̀, tàbí Wesley Guild n'Iléṣà, lọ́jọ́ náà gan-an. Gbogbo ike àti ọ̀rá àgbo tí ẹ ń lò, ẹ kó wọn dání, kí dókítà rí wọn.